Ìró Bàtà Ọládipúpọ̀

Ní ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba Ẹdẹ kọjá, ta ni kò mọ Ọládipúpọ̀ oníṣòwò èkùrọ́? Èkó ló ti ra bàtà aláwọ dúdú kan bọ̀, èyí tó máa ń ké bí ó bá ń rìn. Láyé ìgbà náà, bàtà tí kò bá ké, bàtà lásán ni. Ọ̀pọ̀ ará ìjọ ni kò tilẹ̀ ní bàtà kankan. Nítorí náà, Ọládipúpọ̀ kì í tètè dé ilé ìjọsìn. Yóò dúró níta títí àwọn èèyàn á fi jókòó tán, kó tó wá rọra wọlé, tí bàtà á máa ké títí dé ìjókòó iwájú. Bí ọrùn bá ti ń yí sọ́dọ̀ rẹ̀, inú rẹ̀ a máa dùn ṣìnkìn. Ó sì gbà tọkàntọkàn pé Ọlọ́run lòun wá sìn.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, inú ilé ìjọsìn pa lọ́lọ́. Ó tún aṣọ ṣe, ó wọlé. Bàtà ń ké, ó ń ké, ọrùn kankan kò yí. Ó dé iwájú kó tó rí Mojísọ́lá, ìyàwó Àtàndá alágbẹ̀dẹ, lórí ìkúnlẹ̀, tó di aṣọ ọmọ kékeré kan mọ́ àyà. Títílayọ̀, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ni wọ́n sin lọ́jọ́ Ẹtì. Gbogbo ìjọ dorí kodò, wọ́n ń dúró kí obìnrin náà rí ọ̀rọ̀ bá Ọlọ́run sọ.

Ọládipúpọ̀ dá ẹsẹ̀ dúró. Bó bá tẹ̀ síwájú, bàtà yóò ké. Bó bá padà, yóò ké. Bàbá àgbà kan kò bá a wí, ó kàn sún fún un lórí ìjókòó. Ojúure yẹn gún un ju èébú lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bọ́ bàtà, ó fi ẹsẹ̀ lásán rìn lọ sẹ́yìn, ó kúnlẹ̀ síbẹ̀. Ojú tì í débi pé ó fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé òun mì.

Nígbà tí ìjọ túká, ó dúró de Mojísọ́lá lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyàwó, jọ̀wọ́, forí jì mí. Mo fi ariwo bàtà da àdúrà rẹ rú."

Obìnrin náà wò ó bí ẹni tí ọ̀rọ̀ kò yé. "Ariwo wo, ẹ̀gbọ́n? Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ọlọ́run ni mò ń wá."

Ọ̀rọ̀ yìí bá a délé. Òun alára, kí ló ti ń wá níbẹ̀ látọjọ́ yìí? Ojú èèyàn ni.

Láti ọ̀sẹ̀ náà ló ti ń fi ẹsẹ̀ lásán lọ sí ilé ìjọsìn. Kò pẹ́ tí àwọn ìyá ìjọ fi bẹ̀rẹ̀ sí í yìn ín: "Ẹ wo ọlọ́rọ̀ tó rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀!" Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ká ara rẹ̀ mọ́ ibi tó ti ń gbọn eruku ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n lè rí i. Ó dúró sán-ún. Ìtìjú àkọ́kọ́ kò tó èyí rárá, nítorí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n àfi òun àti Ẹlẹ́dàá rẹ̀.

Ó ra sálúbàtà kan tí ẹnikẹ́ni kì í bojú wò. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dé ṣáájú gbogbo èèyàn, ẹ̀gbẹ́ ògiri ló sì ń jókòó sí. Síbẹ̀, nígbà mìíràn, ojú rẹ̀ á sáré lọ sẹ́nu ọ̀nà, bóyá ẹnì kan á rí i pé òun ló kọ́kọ́ dé. Yóò wá dorí kodò, yóò ní, "Olúwa, mo tún ti ṣe é o. Ṣàánú mi."