Oǹdè Àdúgbò Lára Tsuruyo

Mi ò fẹ́ràn kí wọ́n máa purọ́ mọ́ èèyàn tó ṣì wà láàyè. Wọ́n ní Tsuruyo kì í jiyàn. Ẹ wá bi èmi Tokuji, tí mò ń ta wàrà sóyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wọn láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ. Bí obìnrin yẹn bá lóun ò ṣe, màlúù ò lè fà á. Ẹ̀rín ló kàn máa ń rín bó ṣe ń kọ̀.

Núdùsì ló ń gbé kiri fún ilé oúnjẹ tó wà ní ìkóríta. Á to àwọn abọ́ olómi gbígbóná sórí pátákó, á gbé pátákó lé èjìká òsì, á gun kẹ̀kẹ́, á fi ọwọ́ ọ̀tún nìkan dì í mú, ó di òkè tẹ́ńpìlì. Omi ọbẹ̀ kì í ta sílẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ le bí ọmọ odó.

Ẹsẹ̀ yẹn ni Gensaku, ọkọ rẹ̀, rí tó fi kó wàhálà wá. Iṣẹ́ Gensaku ni kó máa kan ilẹ̀kùn onígi tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń fi ìwé bò. Lọ́jọ́ kan ló dédé lóun fẹ́ kan ọkọ̀ òfuurufú tí kò ní ẹ́ńjìnnì, tí èèyàn á jókòó sínú rẹ̀, á máa fẹsẹ̀ wà á bíi kẹ̀kẹ́, abẹ̀bẹ̀ ńlá iwájú á máa yí, ọkọ̀ á sì gbéra.

"Ta ló máa wà á?" ni mo bi í.

"Ẹsẹ̀ ta ló dára jù ládùúgbò yìí?"

Mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn mí.

Igi tẹ́ẹ́rẹ́ àti ìwé pélébé ló fi ṣe é. Apá ọkọ̀ náà kò ríbi gbé àfi yàrá Ìyá Kinu, ìyá Gensaku. Wọ́n so ó mọ́ àjà lókè orí màmá. Ọdún mẹ́fà ni ìyá arúgbó yìí fi sùn lábẹ́ apá ọkọ̀ òfuurufú, kò sì sí òwúrọ̀ tí kò bú u.

"Ẹ káàárọ̀, Ìyá. Ṣé ẹ sùn dáadáa?" ni Tsuruyo máa ń kí i.

"Oorun wo? Ṣé abẹ́ ìyẹ́ lèèyàn ń sùn sí? Igi ìdáná gidi lẹ fi ń ṣeré!"

Nígbà tó yá, màmá fàáké kọ́rí. Ó ní bí nǹkan náà kò bá gbéra kí òjò ọdún yẹn tó dé, kí wọ́n tú u, kí wọ́n fi gbé omi ìwẹ̀ kaná. Gensaku gbà, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ fà ro. Gbogbo wa la mọ̀ pé bí wọ́n bá sun ọkọ̀ yẹn, kò ní kan òmíràn mọ́ láyé.

Ìwúwo wá di ọ̀tá rẹ̀. Ó fá igi títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dá. Ó ní kí Tsuruyo dín oúnjẹ kù, ó dín in kù. Ó ní kó gé irun gígùn rẹ̀, ó gé e.

"Ìyàwó wa, ṣé kò dùn ọ́?" ni mo bi í.

"Bọ̀dá Tokuji, irun á tún hù. Ṣé ọkọ̀ máa hù ni?"

Lọ́sẹ̀ tí wọ́n fẹ́ dán ọkọ̀ wò, kálukú gba ojúbọ, níbi tí wọ́n ti ń ta oǹdè ààbò, lọ ra oǹdè fún un. Ta ló máa jẹ́ kí ọmọ àdúgbò lọ sójú ewu lọ́wọ́ òfo? Ti onírìn-àjò ojú omi ni mo rí rà, torí wọn ò tà ti ojú ọ̀run. Ìyàwó elẹ́ja mú ti aláboyún wá. Ó ní, "Kó sáà ti sọ̀kalẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́!"

Lọ́jọ́ ọ̀hún, gbogbo àdúgbò gbé ọkọ̀ lọ sí pápá àtijọ́ tí àwọn ológun fi sílẹ̀. Ìyá Kinu náà bá wa lọ, ó tẹ́ ẹní sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Tsuruyo wọ kóòtù nípọn, ó jókòó sínú ọkọ̀. Gensaku di etí apá kan mú, mo di ìkejì mú, a sáré. Táyà yí títí dé òpin pápá, kò gbéra. A tún gbìyànjú, ìrù gbé díẹ̀, ó tún balẹ̀. Òjò ti ń ṣú lórí òkè. Gensaku jókòó sínú koríko.

"Ó parí," ló wí.

Bí Tsuruyo ṣe ń bọ́ sílẹ̀ ni nǹkan ró ṣaworo lára rẹ̀.

"Kí nìyẹn?" ni Gensaku bi í.

"Kò sí nǹkan kan."

"Tsuruyo!"

Ló bá ṣí kóòtù. Yéè! Oǹdè lọ́rùn, oǹdè ní ìbàdí, oǹdè nínú ìbọ̀sẹ̀!

"Èmi ń fá igi, ìwọ ń di ẹrù!"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi mú un wá fún mi. Ti ta ni kí n fojú di?" Ó ń rẹ́rìn-ín, omi sì kún ojú rẹ̀. "Mi ò ní bọ́ ìkankan."

Ṣé mo purọ́? Ariwo sọ. Ọlọ́tí àdúgbò wa ní kí wọ́n bọ́ ti gbogbo èèyàn, kí wọ́n fi tòun sílẹ̀, torí tòun ló lágbára jù. Èmi náà ò gbà kí wọ́n bọ́ tèmi. Ni Ìyá Kinu bá dìde lórí ẹní rẹ̀.

"Ẹ pa ẹnu mọ́! Kí kálukú gba tirẹ̀, kó mú un dání, kó máa sáré tẹ̀ lé e. Àbí oǹdè yín ò mọ̀ ọ́n sá ni?"

Tsuruyo rò ó, ó gbà. A gba tiwa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wá ku ọ̀kan, igi ńlá tó ní ṣaworo idẹ, òun ló wúwo jù. Kò sẹ́ni tó nawọ́ sí i.

"Ti ta nìyí?" ni mo bèèrè.

"Kí lẹ ń wòran?" ni Ìyá Kinu wí. "Tèmi ni. Àtẹ̀gùn ojúbọ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí."

Gensaku kàn ń wo ìyá rẹ̀ látinú koríko.

"Dìde jàre! Òjò ń bọ̀."

A sáré, gbogbo àdúgbò, oǹdè lọ́wọ́. Lójijì, mi ò gbọ́ ariwo táyà mọ́. Etí apá já gbà lọ́wọ́ mi. Mo wolẹ̀, mo rí ìmọ́lẹ̀ lábẹ́ táyà! Ọkọ̀ náà ga tó àyà mi, ó ń lọ, ẹsẹ̀ Tsuruyo ń yí, ṣaworo Ìyá Kinu sì ń ró lẹ́yìn wa. Mo ké bí ọmọdé, ojú ò tì mí.

Nígbà tó balẹ̀, apá kan gbá ilẹ̀, ó kán. Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í kán. A bọ́ aṣọ wa, a fi bo ìwé ara rẹ̀.

"Ìyá," ni mo fi ṣe yẹ̀yẹ́, "apá ti kán o. Ṣé ká kúkú gbé e lọ sídìí iná?"

"Ìwọ ni wọ́n máa gbé lọ sídìí iná! Gensaku, tún un ṣe, kó o gbé e padà sókè orí mi. Gbogbo alẹ́ ni mò ń wò ó kí n tó sùn. Ṣé àjà lásán lẹ fẹ́ kí n wá máa wò ni?"