Àwọn Ọmọ Ọdẹ́yalé

Láàárọ̀ yìí, rédíò ń dárúkọ àwọn èèyàn ńlá tó ti ọ̀dọ̀ wa ní Ìjerò jáde: adájọ́ àgbà kan, Ọdẹ́yalé, dókítà eyín, Ọdẹ́yalé, ẹni tó fi bọ́ọ̀lù ya àwọ̀n nígbà kan rí, Ọdẹ́yalé náà ni. Ọmọ-ọmọ mi, tó ń jẹ́ orúkọ kan náà, wò mí lójú: “Bàbá àgbà, ṣé ẹbí wa ni gbogbo wọn?” Mo rẹ́rìn-ín títí àgbò ẹ̀yìnkùlé fi dá mi lóhùn.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, abà kòkó ni èmi àti àwọn ẹgbẹ́ mi ń gbé pẹ̀lú àwọn òbí wa. Ibẹ̀ jìnnà sí ilé-ìwé débi pé ajá tó bá bá wa jáde á ti hu irùngbọ̀n kí a tó débẹ̀. Bàbá Ọdẹ́yalé ló gbà wá sílé rẹ̀ nítòsí ilé-ìwé. Òun àti ìyàwó rẹ̀ kò bímọ. Iyán tí obìnrin yẹn ń gún fún wa ń dán tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń wo ojú wa nínú rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ wọ ilé-ìwé, bàbá náà ló kó wa lọ. Tíṣà di pàṣán mú, ó bi ọ̀rẹ́ mi Jímọ̀ pé kí lorúkọ bàbá rẹ̀. Ẹ̀rù dí Jímọ̀ lẹ́nu, ó kàn nawọ́ sí ọkùnrin tó dúró lẹ́yìn rẹ̀.

“Ọdẹ́yalé ni,” ni bàbá náà wí.

Bí gbogbo wa ṣe nawọ́ síbẹ̀ nìyẹn, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, ọmọ mọ́ṣáláṣí, tíṣà sì kọ orúkọ kan náà fún wa. Jímọ̀ tí kò lè sọ̀rọ̀ yẹn ló wá di adájọ́! Èmi nìkan ni ìwé lé padà sóko.

Nígbà tí bàbá mi gbọ́, ó gbé àdá kọ́ èjìká, ó wọ ìlú wá gba orúkọ rẹ̀ padà. Ó bá èmi àti Bàbá Ọdẹ́yalé níbi tí a ti ń sá kòkó.

“Ẹ̀gbọ́n, ta ló bí ọmọ yìí?”

“Ìwọ mà ni, àbúrò. Bílẹ̀ bá mọ́, a ó lọ bá tíṣà kó pa tèmi rẹ́. Àwọn bàbá tó kù náà á sì wá gba tiwọn.” Ó ń fi ẹsẹ̀ tú kòkó ká. “Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pe ìyàwó mi ní Ìyá Jímọ̀ lọ́jà ni.”

Bàbá mi wo ẹnu ọ̀nà. Obìnrin náà dúró síbẹ̀, ó ń gbọ́ wa, ó ti gbàgbé ìkòkò lórí iná. Òórùn ti gba gbogbo àgbàlá.

“Ìyá Jímọ̀,” ni bàbá mi pariwo, “iṣu yín mà ń jóná o!”

Ó fi àdá lélẹ̀, ó bá wọn tú kòkó títí ilẹ̀ fi ṣú, ó sì padà sí abà. Kò dé ọ̀dọ̀ tíṣà.

Nígbà tí a sin Bàbá Ọdẹ́yalé, wọ́n ní kí ọmọ olóògbé dìde. Gbogbo wa dìde, àga nìkan ló kù nílẹ̀.

Abà wa ti di igbó báyìí, ọ̀kadà sì ń gbé ọmọ dé ẹnu ọ̀nà kíláàsì. Ó dáa bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ wọn ò ní bó bíi tiwa. Àmọ́ orúkọ náà ṣì ń rìn káàkiri. Mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó fún mi. Mo sì ń dúpẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́wọ́ bàbá mi, tó ní tirẹ̀ lọ́wọ́, tó sì jẹ́ kó lọ.