Wọ́n Dúńbú Ẹtu Orí Pákó Mi

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ foríjì mí pé èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ìwé iṣẹ́ ọnà yín lọ́dún yìí gbójú-gbóyà kọ̀wé sí yín. Inú ló ń bí mi.

Wọ́n dúńbú ẹtu mi lónìí!

Ìṣó reluwé gbígbóná ni mo fi jó àwòrán ẹtu náà sára pákó, pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ń sáré. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Ọ̀la ni mo fẹ́ gbé e han olùkọ́ wa, kí n lè mọ̀ bóyá mo mọ àwòrán yà ni àbí ńṣe ni mò ń tan ara mi.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí wọ́n jẹ́ ààfáà, wọlé, wọ́n sì fa ọ̀bẹ kọjá lọ́rùn ẹtu náà.

"Bàbá! Kí lẹ ṣe yìí?"

"Mo gbà ọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ni. Ẹ̀sìn wa kò fẹ́ kéèyàn ya àwòrán ohun ẹlẹ́mìí. Ní báyìí tọ́rùn rẹ̀ ti gé, kò lẹ́mìí mọ́. O lè gbé e kọ́ ògiri."

Ìyá mi ní, "Ṣé ká gbé ìkòkò kaná?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, àfi èmi.

Mo fi ìbínú mú pákó mìíràn. Mo fi aró, osùn àti ẹfun kùn ún, kò lójú, kò lẹ́sẹ̀, àwọ̀ nìkan ló ń sáré kọjá. Bàbá tún mú ọ̀bẹ dé. Wọ́n yí pákó náà síhìn-ín sọ́hùn-ún.

"Níbo lọrùn èyí wà?"

"Kò lọ́rùn, Bàbá."

Wọ́n ki ọ̀bẹ bọ àkọ̀.

Ẹ fèsì kíákíá: èwo ni kí n gbé lọ lọ́la? Ṣùgbọ́n ẹ má ka ìwé yìí sétí ẹnikẹ́ni o. Ẹtu yẹn náà ni mo tún yà sára pákó kejì.