Igbó Abẹ́ Bẹ́ẹ̀dì

Nígbà tí ọkọ mi kú, ogun ti parí, owó epo ń wọ ìlú, àwọn ọlọ́pàá náà sì ń wá tiwọn. Òrùlé yàrá wa nílé ẹbí ní Ìsàlẹ̀ Èkó ń jò. Àbúrò ọkọ mi, tó ń tún rédíò ṣe ní Ìta Fájì, bá kó jáde nínú yàrá tirẹ̀ kí n lè ríbi ṣe opó. Mo ti ìsọ̀ mi ní Jankara, mo wọ aṣọ dúdú, mo jókòó. Títí n ó fi tú opó, ọkùnrin kankan kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀.

Sájẹ́ǹtì ọlọ́pàá kan gbé rédíò rẹ̀ wá fún àbúrò ọkọ mi. Ó tún un ṣe, ó ní kó sanwó kó tó gbé e lọ. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ kejì, bí a ṣe kírun Àsárì tán, àwọn ọlọ́pàá mú un wọ agbo ilé wa, wọ́n ní igbó ni àwọn wá wò nínú yàrá rẹ̀. Mo gbọ́ bàtà wọn lọ́dẹ̀dẹ̀, mo di ìlẹ̀kùn mú.

"Ta ló wà níbẹ̀?" ni sájẹ́ǹtì bèèrè.

"Opó ni. Ẹ ò lè wọlé."

"Màdáámù, iṣẹ́ ìjọba là ń ṣe."

"Èmi náà ń ṣe tèmi. Ẹ lọ bi ìyá yín bóyá ọkùnrin ń wọlé ti opó."

Ó fà sẹ́yìn. Wọ́n mú àbúrò ọkọ mi lọ, wọn kò sì mú nǹkan mìíràn.

Ìgbà tí ẹjọ́ dé kọ́ọ̀tù, Bàbá àgbà, olórí ẹbí ọkọ mi, lọ gbọ́ ọ. Ó padà dé pẹ̀lú omijé lójú. Sájẹ́ǹtì ti búra pé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì nínú yàrá yẹn ni òun ti fa igbó jáde. Inú àpò ìyẹ̀fun ni igbó náà wà, àpò kan náà tí àwọn ará Ìta Fájì ti rí nígbà tí wọ́n fi gbé ọmọ ẹlòmíràn lọ sẹ́wọ̀n. Inú bí mi gidigidi. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe: opó kì í jáde, ta ni yóò wá já irọ́ wọn?

Mo ní èmi ni.

"Ìyàwó, opó kì í rin ìgboro," ni Bàbá àgbà wí.

"Bàbá, ẹ má bínú. Ẹni tó fi yàrá rẹ̀ sílẹ̀ fún mi ni wọ́n fẹ́ sọ sẹ́wọ̀n."

Àwọn àgbà ránṣẹ́ sí àlùfáà. Ó ní kí n lọ, kí n sáà ti délé kí ilẹ̀ tó ṣú. Wọ́n máa ń sọ pé bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ yóò bá a. Èmi ò ní ogún ọdún tí mo fẹ́ fi dúró.

Lọ́jọ́ tí wọ́n sún ẹjọ́ sí, mo wọ kọ́ọ̀tù pẹ̀lú aṣọ opó mi. Mo ní, "Olúwa mi, wọn ò wọ yàrá yẹn. Ẹ bi sájẹ́ǹtì pé irú bẹ́ẹ̀dì wo ló wà níbẹ̀."

"Onírin ni," ni sájẹ́ǹtì dáhùn kíákíá.

"Olúwa mi, orí ẹní ni opó ilé wa ń sùn. Wọ́n ti gbé bẹ́ẹ̀dì jáde kí n tó wọlé."

Gbogbo kọ́ọ̀tù rẹ́rìn-ín. Adájọ́ dá ọmọkùnrin náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò bi sájẹ́ǹtì ní nǹkan kan. Ó kàn na ọwọ́, ó fẹ́ gbé àpò rẹ̀.

Mo tún dìde. "Olúwa mi, ibo ló ń gbé e lọ?"

"Tẹ́ṣàn," ni akọ̀wé kọ́ọ̀tù dáhùn. "Màdáámù, ẹ jókòó."

"N ò jókòó. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọmọ ta ló tún fẹ́ gbé e sí?"

Adájọ́ wo àpò náà. Lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n dáná sun ún lẹ́yìnkùlé, lójú gbogbo wa. Sájẹ́ǹtì fúnra rẹ̀ ló ṣáná sí i. Mo súnmọ́ ọn dáadáa, mo dúró títí ó fi di eérú.

Oòrùn ṣì wà lójú ọ̀run nígbà tí mo délé. Bàbá àgbà fi imú fín aṣọ mi, ó fajú ro.

"Ìyàwó, òórùn èéfín igbó wà lára aṣọ opó. Lọ fọ̀ ọ́."

"Ó dìgbà tí mo bá tú opó, Bàbá," ni mo wí. "Tí mo bá ṣì ń gbóòórùn rẹ̀, mo mọ̀ pé ó ti jóná."