Ẹsẹ̀ Ò Purọ́

Ṣúmékà kan wà tó ní ìwà kan: bàtà ọkùnrin kì í kúrò ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láìjẹ́ pé ó ti ki ẹsẹ̀ lásán bọ̀ ọ́, kó mọ̀ bóyá ìṣó yọrí nínú rẹ̀. “Ọwọ́ lè tanni,” á wí, “ẹsẹ̀ ò purọ́.” Bí àwọn oníbàárà ṣe sọ ọ́ ní Ẹsẹ̀-Ò-Purọ́ nìyẹn.

Ẹnu rẹ̀ dùn, àfi tí ọ̀rọ̀ bá kan àtọ̀gbẹ. Àtọ̀gbẹ ló mú kí ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ kú, tí kò fi mọ ìrora mọ́, títí wọ́n fi gé e. Òun fúnra rẹ̀ ló rán bàtà ẹyọ kan tí bàbá náà wọ̀ títí ó fi kú. Bó bá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù tóóró yẹn, tí ẹ̀yìn rẹ̀ kan ògiri, tí orúnkún rẹ̀ kan tábìlì, ṣe ló máa ń dà bíi pé wọ́n ti rán òun mọ́ inú awọ kí wọ́n tó bí òun. Ẹ̀rù ń bà á gan-an.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin kì í sì í jẹ́ kó gbádùn.

“Àbúrò mi, lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ wò. Èmi lọ, kò sí lára mi. Dókítà ní ọmọ ìyá kì í jogún ẹ̀ bákan náà, ó lè wúwo lára ẹnì kan, kó fúyẹ́ lára ẹlòmíì. Ẹni tó bá sì tètè mọ̀, ó lè kápá ẹ̀.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin jọ màmá. Ẹ wo ẹsẹ̀ tèmi, ti bàbá náà ni. Tó bá ti wà níbẹ̀, kí ni yíyẹ̀ ẹ́ wò fẹ́ ṣe fún mi?”

“Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́ o.”

Òòlù ló fi dá a lóhùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, tíṣà kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba bàtà lọ́wọ́ rẹ̀ tiro wọlé.

“Ẹsẹ̀-Ò-Purọ́, ìṣó wà nínú bàtà yìí o. Ó gún mi.”

Inú bí ṣúmékà. “Bàtà tí mo fẹsẹ̀ ara mi dán wò? Tíṣà, ẹ má bà mí lórúkọ jẹ́!” Ó gba bàtà, ó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, ó fi janlẹ̀ gbì, gbì. Ó bú sẹ́rìn-ín. “Ṣé ẹ rí i? Ó tẹ́jú bí ibùsùn ìyàwó tuntun!”

Tíṣà ò rẹ́rìn-ín. “Ẹ yọ ẹsẹ̀ yín ná.”

Ó yọ ọ́. Ẹ̀jẹ̀ ń kán láti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀.

Ó fi àtàńpàkò tẹ ojú ibi tí ìṣó gún. Kò dùn ún. Ó tún tẹ̀ ẹ́ kíkankíkan, bí ẹni ń tẹ awọ bàtà oníbàárà. Kò dùn ún rárá.

Ó wá fóònù rẹ̀ láàárín àwọn awọ, ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wá mú mi lọ. N ò mọ ìgbà tí ẹsẹ̀ yìí ti ń purọ́ fún mi.”