Ètè Tí Ìyá Òwú Kà

Bí ẹ bá fẹ́ bá Ìyá Òwú sọ̀rọ̀, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú pẹ̀lú ariwo. Ẹ ṣáà kọjú sí i, kí ẹ sì la ẹnu yín dáadáa. Láti ìgbà ọmọge ló ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń hun aṣọ, níbi tí ariwo ẹ̀rọ kì í jẹ́ kí ènìyàn gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Ètè lásán ni àwọn tó ń hunṣọ níbẹ̀ fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Obìnrin kan á wà ní ìpẹ̀kun yàrá, á fi ètè bú ọ̀gá, èkejì rẹ̀ á bú sẹ́rìn-ín ní ìpẹ̀kun kejì, ọ̀gá tó dúró láàárín wọn ò ní mọ ohun tó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Etí Ìyá Òwú ti bá iṣẹ́ náà lọ tipẹ́. Ojú rẹ̀ ni kò bá a lọ.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, ìdí ẹ̀rọ ló sì tọ́ ọ dàgbà sí. Ọmọ náà mọ ètè kà kó tó mọ ìwé kà. Nígbà tó wá mọ ìwé tán, ó fi ẹ̀rọ sílẹ̀, ó di akọ̀wé fún àwọn Ẹlẹ́gbẹ́, orúkọ tí gbogbo ayé sì ń pè é kò ju Akọ̀wé lọ mọ́.

Ó yẹ kí n sọ ti àwọn Ẹlẹ́gbẹ́ yìí. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ da iṣẹ́ sílẹ̀, tí wọ́n lé ọ̀gá lọ, ọ̀nà méjì ni wọ́n pín sí. Àwọn Ẹlẹ́gbẹ́ ní kí àwọn gba ìjọba, kí àwọn fi kùmọ̀ ìjọba na àwọn olówó títí wọn ó fi dákẹ́ jẹ́ẹ́, kí gbogbo òṣìṣẹ́ sì máa gba àṣẹ lẹ́nu Alága àwọn. Àwọn kejì, tí wọ́n ń pè ní Aláìlọ́gàá, ní kùmọ̀ ni kùmọ̀ ń jẹ́, ẹni yòówù kó dì í mú, orí òṣìṣẹ́ náà ló máa padà wá bà lé. Àbúrò Ìyá Òwú ọkùnrin ni gbogbo wọn ń gbọ́ tirẹ̀ níbẹ̀, Kòsọ́gàá ni ìnagijẹ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìyàwó rẹ̀ nìkan ti tó ọ̀gá fún un. Ìyá Òwú náà wà lára wọn. Òfin wọn kan wà tó máa ń pa àwọn Ẹlẹ́gbẹ́ lẹ́rìn-ín: bí ẹnì kan ṣoṣo bá ti ní “rárá”, ọ̀rọ̀ di ọ̀la.

Ní ọ̀sán ọjọ́ tí mò ń wí yìí, ìròyìn dé pé àwọn ṣọ́jà ń bọ̀. Ìbẹ̀rù mú gbogbo wọn. Wọ́n péjọ sí yàrá tí wọ́n ń kó ìdì òwú sí, Ẹlẹ́gbẹ́ lápá kan, Aláìlọ́gàá lápá kejì, láti sọ̀rọ̀ ìṣọ̀kan.

Alága kọ́kọ́ dìde. “Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà,” ó wí. “Ẹ jẹ́ ká di ẹyọ kan. Àṣẹ kan, kọ́kọ́rọ́ géètì kan.”

“Lọ́wọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ náà máa wà?” Ohùn kan béèrè látẹ̀yìn.

“Lọ́wọ́ mi, fún ìgbà díẹ̀.”

“Ọ̀gá tá a lé lọ náà, ìgbà díẹ̀ ló ní òun wá ṣe!”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà ò dé ọ̀fun. Àríyànjiyàn bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fà á lọ, wọ́n fà á bọ̀, títí Kòsọ́gàá fi dìde.

“Ẹ mọ̀ mí,” ó wí. “Mi ò fẹ́ràn Alága, òun náà ò fẹ́ràn mi. Ṣùgbọ́n ìbọn ń bọ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wà láàárín àwọn Ẹlẹ́gbẹ́, èmi ni mo gbé e lé èjìká kiri nígbà tó wà ní kékeré. Ṣé ọmọ mi ló máa wá ṣe mí níbi ni? Mo fara mọ́ ìṣọ̀kan.”

Gbogbo ojú ló wà lára Kòsọ́gàá. Ti Ìyá Òwú nìkan ló ṣí lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀, nítorí orí rẹ̀ wú pé wọ́n dárúkọ ọmọ òun dáadáa láwùjọ. Akọ̀wé dúró ní kọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdì òwú. Alága kẹ̀yìn sí Ìyá Òwú, ó ń sọ nǹkan sí Akọ̀wé létí. Akọ̀wé ń dá a lóhùn jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò lè gbọ́. Ó ti pẹ́ tó ti kúrò nídìí ẹ̀rọ. Ó ti gbàgbé pé láàárín àwọn tó ń hunṣọ, jẹ́jẹ́ ò wúlò.

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà,” ni ètè rẹ̀ wí. “Tí wọ́n bá ti gbà, a ò nílò Kòsọ́gàá mọ́.” Alága sọ nǹkan. “Nílé rẹ̀. Kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́.” Alága tún sọ nǹkan. Akọ̀wé wolẹ̀ kó tó dáhùn. “Màmá mi ò mọ nǹkan kan, sà. Ẹ jọ̀ọ́.”

Àyà Ìyá Òwú já. Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Bó bá pariwo ohun tó rí, wọ́n á lu ọmọ rẹ̀ pa níbẹ̀. Bó bá dákẹ́, àbúrò rẹ̀ ò ní rí ojúmọ́. Bó bá sì fi ètè kìlọ̀ fún àbúrò rẹ̀, gbogbo ahunṣọ inú yàrá ló máa kà á.

“Ṣé a ti gbà?” Alága béèrè.

“A ti gbà!”

“Rárá,” ni Ìyá Òwú wí.

Yàrá dàrú. “Màmá, kí ló dé?” “Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n pa wá ni?” Ẹnì kan pè é ní àgbà òfìfo. Kòsọ́gàá fúnra rẹ̀ tọ̀ ọ́ wá, ojú rẹ̀ pọ́n. “Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni ìdí rẹ̀?”

“Inú mi ò gbà á,” ó wí. “Òfin yín ni àbí òfin yín kọ́?”

Kò sí ohun tí wọ́n lè ṣe. Ọ̀rọ̀ di ọ̀la. Àwọn Ẹlẹ́gbẹ́ ń pòṣé, àwọn tirẹ̀ ń yẹra fún un bí ẹni tó ta wọ́n.

Ìgbà náà ni ojú òun àti ọmọ rẹ̀ pàdé. Akọ̀wé wo ojú ìyá rẹ̀, ó wo ibi tí ojú náà dúró sí, ó sì rántí pé ojú náà ń ka ètè.

“Màmá,” ètè rẹ̀ wí láìsí ohùn, “kí lẹ rí?”

“Gbogbo ẹ̀.”

“Ẹ mú àbúrò yín lọ. Ẹ gba ẹ̀yìn. Ẹ̀yin náà, ẹ má sùn nílé.”

Ìyá Òwú di ọwọ́ àbúrò rẹ̀ mú ṣinṣin, ó ń fà á lọ sí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ọkùnrin náà sì ń bá a jà lọ pé ó ti ba iṣẹ́ gbogbo òṣìṣẹ́ jẹ́. Lẹ́nu ọ̀nà, ó bojú wẹ̀yìn.

Alága ti gbé ọwọ́ lé èjìká Akọ̀wé, ó ti yí i padà sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ojú Alága ló wá kọ sí Ìyá Òwú báyìí, ó sì ka ètè rẹ̀ kedere: “Kí lo ń bá ìyá rẹ sọ?”

Ẹ̀yìn ni ọmọ rẹ̀ kọ sí i. Kò rí ètè rẹ̀.