Èmi Ni Mo Fọ Owó Idẹ Bàbá Mi

Háà, Bàbá mi, ẹ ti lọ, ọ̀rọ̀ tó yẹ kí n bá yín sọ sì kù sí mi lẹ́nu. Àlàó, ọmọ Ìsẹ́yìn tó fi Ìkòsí ní Kétu ṣe ilé, ẹni tó ń fi sùúrù tú aago palẹ̀, tó sì ń fi sùúrù tò ó padà, ta ni n ó máa pè ní Bàbá báyìí?

Gbogbo Kétu ló mọ̀ yín sí Bàbá Aláago. Àwa inú ilé la mọ ìfẹ́ yín kejì, owó idẹ ilẹ̀ Amẹ́ríkà kan tí wọ́n ń pè ní sẹ́ǹtì méjì. Kò ju nǹkan bí ọdún mẹ́wàá tí wọ́n fi rọ ọ́ láyé àtijọ́ kí wọ́n tó pa á tì. Díẹ̀ nínú àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ rọ ni lẹ́tà ara wọn kéré ju ti àwọn yòókù lọ, àwọn yẹn sì lẹ ń wá. Ogún ọdún lẹ fi wá a kí oníbàárà yín kan tó bá yín mú ẹyọ kan ṣoṣo bọ̀ láti òkè òkun. Lọ́jọ́ náà, ẹ gbé awò tí ẹ fi ń wo inú aago lé mi lójú, ẹ ní, "Rọra wò ó, Àbẹ̀kẹ́. Má mí lé e lórí." Èmi tí mo ti lọ́mọ méjì lẹ ń kìlọ̀ fún bí ọmọdé, mo sì ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó yá, bàbá kan tó ń gbé ní Magodo, tí òun náà ń kó irú owó bẹ́ẹ̀ jọ, ní òun fẹ́ wá wò ó. Ẹ mọ bí Màmá wa olóògbé ṣe kọ́ wa: àlejò kì í bá ìdọ̀tí nílé wa. Mo ti gbálẹ̀, mo ti nu àga, ẹ wà ní balùwẹ̀, ni mo bá rí owó yín lórí tábìlì, ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, mo da eérú lé e, mo fi kànrìnkàn ha á bí a ti ń ha ẹ̀gbà idẹ Màmá. Ó dán gbinrin. Inú mi dùn pé mo ṣe yín lóore.

Mi ò mọ̀ pé a kì í fọ irú owó bẹ́ẹ̀, pé àwọ̀ dúdú yẹn gan-an ni iyì rẹ̀.

Àlejò gbé e sójú, ó sì gbé e sílẹ̀. Ó ní, "Daddy, ta ló fọ kọ́ìnì yìí? Wọ́n ti bà á jẹ́ o." Ẹ wò mí níbi tí mo gbé omi dúró sí. Ẹ ní, "Èmi ni. Ọwọ́ mi ló yá jù." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun rò pé ẹ mọ nǹkan tí ẹ ń ṣe ni. Ẹ bá a rẹ́rìn-ín. Mo gbé omi fún un, mo padà sí ilé ìdáná.

Kò wá mọ́. Ẹ ò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ owó idẹ mọ́, ẹ̀yin tí ẹ lè fi gbogbo ọ̀sán sọ ọ́. Ká ní ẹ bá mi wí ni, ara ìbá tù mí. Ọjọ́ tí mo ní kí n tọrọ àforíjì, ẹ bi mí bóyá àwọn ọmọ ti jẹun, mo sì fi ìyẹn bọ́ lọ́wọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ojo ni mí, Bàbá. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ṣojo. Ojú lọ̀rọ̀ wà, ojú yín sì ti pa dé.

Ẹ̀yin bàbá tó ń gbé ní Magodo, wọ́n sọ fún mi pé ẹ ń bọ̀ wá síbi ìsìnkú yìí. Bí ẹ bá ń ka ọ̀rọ̀ mi nínú ìwé ètò ìsìnkú yìí, ẹ jẹ́ kó yé yín pé Bàbá mi mọ̀ nípa owó idẹ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Wọn ò fọ owó kankan rí. Èmi Àbẹ̀kẹ́, ọmọ wọn, ni mo fọ̀ ọ́, mo sì dákẹ́ nígbà tí ẹ ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín.

Bàbá mi, ẹ sọ ẹ̀bi yẹn kalẹ̀, tèmi ni. Ẹ sùn re o.